Irun Tí Wọ́n Dì Dé Àárín

Leah kò lè jókòó. Ó jókòó, ó dìde. Ó wọ yàrá, ó tún jáde. Ó gbé omi kaná, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Akíntóyè ọkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ tí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí àlọ-àbọ̀ yẹn sú u.

“Màmá Bísọ́dún, ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?”

Kò sí èèrà lórí àga. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́runníyì sọ ló ń ta á lára.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì yìí, ọmọ Ìkàrẹ́, ló ni ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní ọ̀nà Oyèmẹ́kùn nílùú Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ti ń wá òǹkọ̀wé kiri, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé fún un tẹ́lẹ̀ ti kó ẹrù lọ sí Adó-Èkìtì, ó wá ku òun àti ẹ̀rọ tí kò rí nǹkan tẹ̀. Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ fún un pé olùkọ́ kan wà ní Ọ̀bà-Ilé tó ti ń kọ ìtàn sínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́. Leah ni. Ó kó ìtàn rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá ìwé tí orúkọ òun wà lójú rẹ̀ gàdàgbà. Àárọ̀ ọjọ́ yìí ló lọ gbọ́ èsì.

“Ìyáàfin, ẹ mọ ìtàn kọ,” ni Ọlọ́runníyì wí. “Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Obìnrin elépo inú ìtàn àkọ́kọ́, wọ́n di irun rẹ̀ dé àárín, wọn kò dì í tán. Ìyàwó akọ̀wé kóòtù, irun àbọ̀. Ọmọ tó sọnù ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, wọ́n rí i, irun àbọ̀. Títí dórí ìyàwó tuntun inú ìtàn tó kẹ́yìn! Ṣé kò sí onídìrí kankan tó ń parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ayé tiyín ni?”

Leah rẹ́rìn-ín. Ọlọ́runníyì kò rẹ́rìn-ín.

“Kí ló túmọ̀ sí?”

Leah gbójú sókè àjà. Ọkùnrin náà ní tí kò bá túmọ̀ sí nǹkan kan, kí ó yọ ọ́ kúrò, kí àwọn tó máa kà á má baà sọ pé òǹkọ̀wé kò ní nǹkan mìíràn láti sọ. Tó bá sì túmọ̀ sí nǹkan, kí òun náà gbọ́ ọ. Ọjọ́ Ajé ni òun máa gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ. Tí òun kò bá rí i títí di ìgbà náà, ìwé ẹlòmíràn ni òun máa tẹ̀.

Ohun tó bí Leah nínú jù ni pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní lítíréṣọ̀ Yorùbá láti bí ogún ọdún bí kò ṣe òun? Òun ló máa ń dúró níwájú pátákó tí á na ṣọ́ọ̀kì sí wọn lójú, tí á ní, “Ohun tó bá ń padà wá nínú ìtàn, kì í padà wá lásán. Ẹ gbọ́ orin inú àlọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ òrukàn kọ ọ́, eré ni. Ẹ ń pàtẹ́wọ́. Nígbà kejì, ẹ ti ń wo ojú ara yín. Nígbà kẹta, orin kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, omi ti ń bọ́ lójú yín. Kí ló yí padà? Orin kọ́ o. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín ni.” Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì yege. Wàyí o, ẹnì kan bi olùkọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, olùkọ́ ń wo òkè àjà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́ ọ̀bẹ yẹn?

Ó ní kò burú, òun á yọ ọ́. Ó mú ìtàn obìnrin elépo. Kàkà kí obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà kí apá kan orí rẹ̀ wà ní dídì, kí apá kejì dúró wúruwùru, Leah fọ́ ìkòkò sí i lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà sì di obìnrin kan lásán tó fọ́ ìkòkò. Ó mú ti ìyàwó akọ̀wé kóòtù, ó wọ̀ ọ́ ní ìró tó ya. Ìtàn náà di ìtàn ìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ kọ́ ló wà níbẹ̀ rárá, akọ̀wé náà lówó lọ́wọ́. Gbogbo ibi tó bá ti fa irun yẹn yọ ni ìtàn ń wó lé e lórí. Ó ju bírò sílẹ̀, ó tún dìde, ó lọ gbá àgbàlá tí wọ́n ti gbá láàárọ̀.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ ṣá. Leah mọ ibi tí irun àbọ̀ ti wá. Kò kàn tíì wí i síta rí ni.

Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí i sí, ní ilé kan ní àdúgbò Yàbá. Bàbá rẹ̀ ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìyá rẹ̀ sì ń dirí fún àwọn obìnrin àdúgbò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Modúpẹ́ ni àkọ́bí wọn, Leah ni àbígbẹ̀yìn, Sísí Dúpẹ́ ni Leah sì máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́dún tí Nàìjíríà gba òmìnira, Leah kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, Sísí Dúpẹ́ sì ti dàgbà débi pé ojú ọkùnrin ti wà lára rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Tìjání, tó ń ta aṣọ ní Àkúrẹ́, tó máa ń gbé e wá sí ọjà Oǹdó, ni Sísí Dúpẹ́ rí tó ní òun kò rí ẹlòmíràn mọ́. Bàbá Ìjọ fárígá. Ó ní ọmọ tó bá gba Mùsùlùmí láàyè láti mú un jáde nílé òun, kó má ṣe bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, Leah wà láàárín orúnkún Sísí Dúpẹ́ tó ń di ṣùkú fún un. Ó ti dì í dé àárín. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ orí sílẹ̀, ó sọ nǹkan kan sí Leah létí, ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Orúnkún méjèèjì kúrò léjìká Leah báyìí, títí di òní kò tíì gbàgbé bí èjìká náà ṣe fúyẹ́, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí apá orí tí wọn kò dì. Ohun tí wọ́n sọ sí i létí ló ti gbàgbé. Sísí Dúpẹ́ kò padà; ọ̀dọ̀ Tìjání ló gbà lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá wọn tú ṣùkú náà, ó sì di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ sí i, nítorí ọmọ Bàbá Ìjọ kò lè gbé irun àbọ̀ lọ síbi ìkórè.

Láti ìgbà náà, Leah kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sẹ́yìn òun di irun òun mọ́. Á kó o jọ sókè orí fúnra rẹ̀, á fi òwú so ó, ó parí. Nígbà tó di olùkọ́ ní Àkúrẹ́, ìlú kan náà lòun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń gbé, ó sì máa ń gba ọ̀nà tó jìn kó má baà kọjá níbi àwọn aláṣọ ní Ọjà Ọba. Níbi ìsìnkú bàbá wọn, “Ẹ kú ọ̀fọ̀” ni wọ́n kí ara wọn bí àjèjì. Níbi ti ìyá wọn, bákan náà. Nígbà tí Tìjání náà kú, Modúpẹ́ kó padà sí ilé Yàbá ní Oǹdó, Leah kò sì dé Oǹdó mọ́. Obìnrin tó ń fi gbogbo ẹnu kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa wá ìdí ọ̀rọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ó ní òun ti rí èsì. Òun á lọ sọ fún Ọlọ́runníyì pé irun àbọ̀ dúró fún ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó gbé ìwé kalẹ̀, ó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá a mu: elépo, wọ́n já a jù sílẹ̀, ìyàwó akọ̀wé, wọ́n já a jù sílẹ̀, ọmọ tó sọnù, ṣé ẹ rí i? Ó dé orí ìtàn tó kẹ́yìn, ọ̀nà dí. Ìyàwó tuntun náà jókòó pẹ̀lú irun àbọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Leah ló kọ ẹ̀rín náà, kò sì rántí ìdí tó fi kọ ọ́. Ó fa ìlà lé e, kò dùn ún kà; ó tún un kọ padà. Òun kan náà ló máa ń sọ ní kíláàsì pé tí ohun tó ń padà wá bá kọ̀ láti bá ìtumọ̀ yín mu níbì kan ṣoṣo, ìtumọ̀ yín ni kẹ́ ẹ fura sí, ẹ má fura sí ìtàn. Ọ̀rọ̀ náà wá padà sórí ẹni tó ni ín. Ènìyàn méjì péré ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí irun náà dé àárín. Ọ̀kan ti gbàgbé. Ó ku ẹnì kejì.

Láàárọ̀ Sátidé, ó wọ mọ́tò ní gáréèjì Oǹdó ní Àkúrẹ́. Nígbà tí mọ́tò dúró ní Ọ̀wẹnà tí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ ra nǹkan, ó sọdá sí òdìkejì títì bí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Ó dúró níbẹ̀. Obìnrin kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun sí i níwájú, ó rà á nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, awakọ̀ sì ń pariwo pé, “Ìyá Àkúrẹ́, ṣé ẹ ń bọ̀ ni àbí ẹ kò bọ̀?” Ojú tì í. Ó wọlé padà.

Modúpẹ́ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìyá wọn ti máa ń dirí, ó tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìbòrí funfun wà lórí rẹ̀. Ó wòkè, ó rí àbúrò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Leah kúnlẹ̀. Oǹdó pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ láti ibí lọ. A ti tún un sọ kí ará Ìkàrẹ́ náà lè gbọ́.

“Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ta ló kú?” ni Modúpẹ́ bi í.

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Bẹ́ẹ̀ lo sì wá.”

Leah gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò lẹ́sẹẹsẹ nínú mọ́tò ti dà rú. “Kí lẹ sọ fún mi létí lọ́jọ́sí?” ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Ẹ sọ nǹkan kan sí mi létí, mo ti gbàgbé ẹ̀.”

Inú bí Modúpẹ́, ó hàn lójú rẹ̀. “O gbàgbé? Mo sọ pé, ‘Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Mò ń bọ̀ wá parí ẹ̀.’ Ó rìn ọ́ létí, o bú sẹ́rìn-ín.”

Ẹ̀rín ìyàwó tuntun inú ìtàn Leah nìyẹn.

“Ṣé o rò pé mi ò lè parí ṣùkú kan kí n tó lọ ni?” ni Modúpẹ́ ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ti ń ga. “Èmi tí mo lè dì í tán kí ìrẹsì tó jiná? Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Kí ni ìyá wa máa ń wí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí? Orí tí ọwọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kan náà ni kó parí ẹ̀. Mo ní tí mo bá fi orí rẹ sílẹ̀ ní àbọ̀, wọ́n á gbà kí n wọlé wá parí ẹ̀. Bàbá lè lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n á nílò ọwọ́ mi. Ọmọdé ń ṣe mí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, mo wá. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo yọjú. O wà níta ibẹ̀ yẹn, ò ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣeré. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lórí rẹ.”

Ó bu ẹ̀wà, ó tún dà á sílẹ̀.

“Ẹyọ ìlà kan tí mo dì, kò kù níbẹ̀. Ìwọ mọ ohun tí ìyá wa ń pe ìyẹn. Oníbàárà tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn tú iṣẹ́ rẹ kó tún un dì, ó ti lé ọ. Mo ní, ó dáa, wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi. Mo padà sọ́dọ̀ Tìjání.”

“Ìkórè ni!” Leah kò mọ̀gbà tó pariwo. “Ẹ̀gbọ́n mi, torí ìkórè ni! Wọn kò lè mú mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Wọn kò ránṣẹ́ kankan sí yín, wọ́n kàn ń tún mi ṣe fún ọjọ́ Ìsinmi ni.” Bó ti ń sọ ọ́, ìyókù ọjọ́ náà ń padà bọ̀ wá bá a, gbogbo ohun tó ti sin mọ́lẹ̀. “Mo sì jà. Mo di orí mi mú. Mo ní Sísí Dúpẹ́ ń bọ̀ wá parí ẹ̀, ìyá fi òòyà lù mí lọ́wọ́. Mo sunkún títí mo fi sùn.”

“O sunkún?”

“Mo sunkún.”

Modúpẹ́ bo ojú. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti rò pé ọmọ náà jókòó jẹ́jẹ́, tó jẹ́ kí wọ́n tú iṣẹ́ òun kúrò lórí rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì, Leah sì fà mọ́ ọn lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà fọ́n ká. Wọ́n sunkún ìyá wọn tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi bẹ́ẹ̀ pàdánù èkejì. Bóyá ó mọ̀ kó tó kú, wọn kò lè sọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tán, Modúpẹ́ wo òwú tó wà lórí àbúrò rẹ̀. “Kí ni gbogbo ìdì igi yìí?” ló wí. “Wá, jókòó.” Leah bọ́ sáàárín orúnkún rẹ̀. Àgbà ti dé. Orúnkún ń dùn wọ́n, irun náà ti funfun lójú orí, ìka Modúpẹ́ kò sì yá bíi tàtijọ́. Ó ń ya á, ó ń fi àdí pa á, ó ń dì í lọ. Leah kò mira. Ó pẹ́ gan-an tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ó dé àárín, ọwọ́ náà dúró.

“Ó rẹ̀ yín ni?”

“Kò rẹ̀ mí.” Modúpẹ́ tì í léjìká pẹ̀lú orúnkún. “Dìde, kí mọ́tò má baà tán ní gáréèjì. Padà wá ní Sátidé kí n parí ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ìwọ ni.”

Nínú mọ́tò, gèlè Leah ń yọ̀, àwọn èrò ń fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí irun àbọ̀ náà. Ìtàn ara rẹ̀ ló ń kà lọ́kàn. Elépo tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó akọ̀wé, ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀: kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn parí orí òun. Àwọn onídìrí wá, wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Òun ló kọ gbogbo rẹ̀, kò sì rí i. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti ń dá a padà fún un nínú ìtàn kan tẹ̀lé òmíràn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gbé irun àbọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Akíntóyè bi í bóyá kò ní jẹ́ kí aládùúgbò kan bá a parí rẹ̀ kí ayé má baà sọ pé orí ìyàwó òun ti dà rú. Leah ní kí ayé máa sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kó ìwé náà lé Ọlọ́runníyì lórí tábìlì. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ le. “Ìyáàfin, ẹ kò yọ nǹkan kan.”

Leah tú gèlè. Apá ọ̀tún wà ní dídì, ó ń dán fún àdí. Apá òsì dúró gángan, funfun àti dúdú. Ọlọ́runníyì dìde lórí àga láìmọ̀.

“Háà! Ta ló fi yín sílẹ̀ báyìí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi kò fi mí sílẹ̀,” ni Leah wí. Ó fa àga, ó jókòó. “Wọ́n ń retí mi ní Sátidé kí wọ́n lè parí ẹ̀.”

Ọlọ́runníyì ṣí ìtàn tó kẹ́yìn, ó wá ibi tí ìyàwó tuntun náà ti ń rẹ́rìn-ín, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kó tan ẹ̀rọ.